Tíréè Bàbá àti Ọkọ̀ Tó Ń Húkọ́

Nígbà tí wọ́n wẹ òkú Bàbá, bàbá àgbà mi, tán, ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà tó wẹ̀ ẹ́ jáde wá bá wa lẹ́yìnkùlé. Ó ní àwọn ti fi kànrìnkàn fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn sì ti fi igi ìgbálẹ̀ họ abẹ́ èékánná rẹ̀, àmọ́ epo dúdú díẹ̀ ṣì kù lábẹ́ àtàǹpàkò òsì tó kọ̀ tí kò lọ. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. Àfáà ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Epo ọkọ̀ rẹ̀ náà bá a wọlẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bùtá omi lọ́wọ́. Mi ò sunkún. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé Ìgbẹsà, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ìgbẹsà, wò mí títí, ó ní, "Sẹ̀kìná, ojú ẹ gbẹ o." Òótọ́ ló sọ. Ó ṣì gbẹ títí di òní.

Fítà, ẹni tó ń tú ẹ̀rọ tó sì ń tò ó padà, ni Bàbá nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páànù ní Ṣàngó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí ọ̀gá rẹ̀ kan ti lò gbó, ó sì wà á wá sílé wa ní Ìjù. Ọkọ̀ náà ti darúgbó kó tó di tiwa. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Láàárọ̀, tí Bàbá bá ṣíná sí i, á kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dìde, tó bá sì ń lọ lọ́nà, á tún húkọ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oníkọ́ ni àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́. Bí a bá ti ń yọ láti ojú títì, wọ́n á máa pariwo, "Oníkọ́ ń bọ̀! Ẹ fún un lóògùn!" Bàbá á ju ọwọ́ sí wọn, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ń pè é ní Àlàájì nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Kì í jẹ́ orúkọ yẹn. Ọjọ́ kan tí ọkùnrin kan pè é bẹ́ẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí, Bàbá na ọwọ́ sí ọkọ̀ náà. Ó ní, "Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ibi tó jìnnà jù tí eléyìí gbé mi dé ni Ìfọ̀, wọ́n sì tì wá padà wálé ni."

Kò jẹ́ gbé ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì. Gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á wọ ofaróòlù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí orúkọ ilé iṣẹ́ ti parẹ́ lára àpò rẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á jókòó sórí àpótí. Ṣùgbọ́n bó bá ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ibi yòówù tó bá iṣẹ́ dé, á dìde. Á fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, á fi ọṣẹ dúdú lé e, á wá ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan, á máa fi họ abẹ́ èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí epo bá dí omi lọ́wọ́ tí kò kan èékánná, àlùwàlá ò pé nìyẹn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò lè ṣe ọkọ̀ náà lẹ́yìn tó bá ti kírun tán, kó má baà máa dá ara rẹ̀ lágara. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó lè jẹ ọwọ́ mi. Kò gbọdọ̀ jẹ ìrun mi."

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò òsì yẹn kò fi kúrò lọ́kàn mi.

Kíláàsì kejì girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Nígbà náà, bí ènìyàn bá bá mi sọ̀rọ̀, ahọ́n mi á wúwo, ara mi á máa gbóná. Àwọn tó wà nílé ń sọ pé kí wọ́n gbé mi lọ gbàdúrà fún. Ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá kàn na sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá sí mi, ó ní kí n di apá kan mú fún òun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó tì í. Mo mọ sípánà tó fẹ́ kó tó sọ ọ́. Mọ́mì Ìgbẹsà wá lọ́jọ́ kan, ó bá mi lábẹ́ ọkọ̀. Ó kígbe, ó ní, "Bàbá, ọmọbìnrin! Ta ló máa fẹ́ ẹ pẹ̀lú epo yìí lára? Kò lè kí ènìyàn, ó ń kí mọ́tò!"

Bàbá ní, "Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò ṣí, etí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Fi í sílẹ̀ kó bá mi fetí gbọ́ ọkọ̀ yìí."

Gbígbọ́ yẹn ṣe pàtàkì sí i. Bó bá tún nǹkan ṣe tán, tí ọkọ̀ náà dìde, èmi á fẹ́ pàtẹ́wọ́. Á gbé ọwọ́ sókè. Á tẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á di ojú. Nígbà míì ó máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí màá rò pé ó ti sùn. Gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Má tíì yọ̀. Gbọ́ ọ ná."

Ọ̀nà tó ń gbà tú nǹkan kò yí padà rí. Tíréè onírin fífẹ̀ tí ìyá àgbà fi ń kiri búrẹ́dì nígbà ayé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, yóò sì tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀. Bóòtù tó bá kọ́kọ́ tú, á gbé e sí iwájú pátápátá, ní apá ibi tí à ń kọjú sí tí a bá ń kírun. Èyí tó tẹ̀ lé e á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni á máa tò wọ́n ní sàáfù-sàáfù, bí ìlà àwọn tó ń kírun, títí èyí tó tú kẹ́yìn á fi wà nítòsí orúnkún rẹ̀. Bó bá fẹ́ tò ó padà, láti ọ̀dọ̀ orúnkún ni á ti bẹ̀rẹ̀, á máa bọ̀ síwájú títí á fi kan ti àkọ́kọ́. Lémọ́mù ló ń pe bóòtù àkọ́kọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba iwájú tíréè náà kọjá, bí ènìyàn kì í ti í gba iwájú ẹni tó ń kírun. Adìyẹ pàápàá, á lé e. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ohun tí o bá tú, tò ó. Ohun tí o ò bá tò, o ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Ẹ rántí gbólóhùn yìí fún mi, torí mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí Bàbá bá jà. Bọ̀dá Táófíkì ni, mẹkáníìkì tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ní òdìkejì ọ̀nà wa. Lọ́dún kan tí ọwọ́ ń dun Bàbá, ó gbà kí Bọ̀dá Táófíkì bá òun wo ọkọ̀ náà. Inú rere ni ọkùnrin náà fi ṣe é: ó yọ kábúrétọ̀ àtijọ́, tí í ṣe ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ó fi tòkúnbọ̀ kan tó dáa síbẹ̀. Ọkọ̀ náà kò húkọ́ mọ́. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá wà á dé ìyànà Ṣàngó, ó wà á padà, ojú rẹ̀ sì ti le.

"Táófíkì, ọkọ̀ ta ni o gbé fún mi?"

"Ọkọ̀ yín ni, Bàbá. Mo ti wo ikọ́ ẹ̀ sàn."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Èmi ti mọ ohùn rẹ̀. Bó bá ti ń húkọ́, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ yìí, báwo ni n ó ṣe mọ ìgbà tó máa kú?"

Bọ̀dá Táófíkì ti ju ti àtijọ́ sóde. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti Bàbá fi wá a lórí òkìtì irin, kí a tó rí i, kí Bàbá sì tó dá a padà síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́fà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Èmi ni wọ́n ń rán. Wọ́n á jókòó, ọ̀kan níwájú ilé, ọ̀kan níwájú ṣẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ kedere. Bàbá á ní, "Sẹ̀kìná, lọ kí ọkùnrin yẹn fún mi, pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Kí n tó dìde, Bọ̀dá Táófíkì á ti dáhùn pé, "Sẹ̀kìná, sọ fún Bàbá ẹ pé mo jẹ́ ẹ. Sọ fún un pé táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ń jò." Bàbá á ní, "Sọ fún un pé mo ti mọ̀." Kò mọ̀. Bó bá di ọ̀la, á ní kí n gbé jáákì wá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọpẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé kò rí mi lábẹ́ ọkọ̀ ni?"

Ohun kan wà tí Bàbá ṣe tí àdúgbò wa kò gbàgbé. Lọ́jọ́ kan tó tún bíréèkì ọwọ́ ṣe, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, ó wọlé lọ mu omi, kó sì wọ aṣọ ìrun. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù onípákó Ìyá Kúdí aránṣọ, ó wó o palẹ̀, ó fọ́ máṣíìnì rẹ̀. Ìyá Kúdí ti jáde lọ ra òwú. Ìyẹn nìkan ló kó o yọ.

Àwọn ènìyàn sáré jọ. Wọ́n rí Bàbá tó ń bọ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, iṣẹ́ èṣù ni." "Ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ mu, Ọlọ́run ò gbà fún un." Ìyá Kúdí fúnra rẹ̀ dé, òun náà ní iṣẹ́ èṣù ni, torí ta ló fẹ́ dá irú àgbà bẹ́ẹ̀ lẹ́bi?

Bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀ náà níwájú gbogbo wọn, bí ilẹ̀ ṣe rí, pẹ̀lú aṣọ ìrun lọ́rùn. Nígbà tó jáde, nọ́ọ̀tì kékeré kan tó ti tú kúrò lára bíréèkì ọwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè kí wọ́n rí i. Ó ní, "Ẹ fi èṣù sílẹ̀. Èmi ni. Èmi ni mi ò dè é dáadáa."

Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àgbàlagbà. Ó kan pákó ṣọ́ọ̀bù náà padà fúnra rẹ̀. Ó gbé máṣíìnì náà wálé, ó tú u sórí tíréè, ọ̀sẹ̀ kan ló fi tún un ṣe. Ìyá Kúdí ṣì ń fi rán aṣọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Bàbá kú. Ó ti tú kábúrétọ̀ àtijọ́ náà sórí tíréè, ó ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́. Èmi wà níbi iṣẹ́ ní Ṣàngó, níbi tí mo ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Wọ́n ní ó kí ìrun alásàárì, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò jí mọ́. Mo dé, mo bá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni tíréè. Gbogbo rẹ̀ wà ní sàáfù-sàáfù, lémọ́mù wà níwájú. Ẹnìkan ti fi abọ́ dé e.

Tíréè náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, à ń gbálẹ̀ kí àwọn àfáà tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wá bá wa gbálẹ̀ ké sí mi pé, "Gbé pàǹtí yẹn kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ni a máa tẹ́ ẹní sí." Mo lè gbé tíréè náà wọ yàrá bó ṣe wà. Kò wúwo. Èmi ni mo mọ ìdí tí kò fi yẹ kó dà rú ju ẹnikẹ́ni lọ ní ilé yẹn. Ṣùgbọ́n mo mú agolo mílíìkì kan, mo gbé tíréè náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú agolo náà. Mo gbọ́ ìró wọn bí wọ́n ṣe ń já bọ́. Lẹ́yìn náà mo fọ tíréè, a fi gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún àwọn àlejò. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Dádì Abúlé-Ẹ̀gbá, pe Bọ̀dá Táófíkì pé kó wá to ọkọ̀ náà, bóyá a lè máa lò ó. Ọkùnrin náà wá pẹ̀lú ìtẹríba. Ó bèèrè tíréè. Mọ́mì Ìgbẹsà rí agolo lábẹ́ àga, ó gbé e fún un. Ó yọjú sí i, ó dà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: síkúrù, wásà, sípíríǹgì, abẹ́rẹ́ kékeré, gbogbo rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra.

Ó ní, "Ta ló da èyí pọ̀? Kábúrétọ̀ yìí ti dàgbà, kò sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mọ́. Bàbá nìkan ló mọ bó ṣe tò ó."

Mọ́mì Ìgbẹsà ní, "Ìwọ náà wà níbí lánàá. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn gan-an ni o jókòó sí. Ìjà ọdún mẹ́fà, ṣé o rò pé a ti gbàgbé ni?"

"Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Dádì ní, "Kì í ṣe ẹjọ́. Iṣẹ́ èṣù ni. Máa lọ, Táófíkì."

Ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn Dádì ní òun fún ọkọ̀ náà láyè títí di ọjọ́ ogójì. Bí kò bá dìde ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn tó ń ra irin kondẹ́ẹ̀mù á wá gé e lọ, kí a lè rí àyè gbé kánópì àdúrà sí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ọ̀nà wa ti gbọ́ pé Táófíkì ba ọkọ̀ òkú jẹ́. Mo ń rí i tó ń jókòó níwájú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí ènìyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀. Ó ń wo ilé wa. Kò sí ẹni tó ń rán mi sí i mọ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Mo ti gbé agolo náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ogójì pé, Dádì wá láti pín iṣẹ́ àdúrà. Gbogbo ilé jókòó. Ó ní òun ti bá àwọn onírin sọ̀rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ èṣù tó ti ọwọ́ Táófíkì wá ni."

Mo dìde. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ dìde. Ara mi gbóná bíi ti ìgbà tí mo wà nílé ìwé.

Mo ní, "Ẹ fi èṣù sílẹ̀. Kì í ṣe Bọ̀dá Táófíkì. Èmi ni. Èmi ni mo dà á pọ̀."

Mọ́mì Ìgbẹsà ní, "Ìwọ?"

Dádì ní, "Kí ló wá dé tí o dákẹ́ láti ọjọ́ yìí? Orúkọ ọkùnrin yẹn wà nílẹ̀, ajá ń gbé e kiri!"

Mo jáde, mo sọdá ọ̀nà. Bọ̀dá Táófíkì rí mi tí mò ń bọ̀, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń jẹ́ iṣẹ́ fún Bàbá.

Ó ní, "Ta ló rán ẹ wá?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó gbé mi dìde. Ó wá ní, "Ṣé o rántí bó ṣe tò ó?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Lọ gbé tíréè wá ká wò ó."

Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà wá, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Mo jókòó sórí àpótí Bàbá, mo di ojú, mo sì jẹ́ kí ọwọ́ mi wá a, torí ọwọ́ mi ló dà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni nǹkan kan ṣẹ́ kù. Bọ̀dá Táófíkì ò fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń sọ pé, "Èyí ò lè wà lẹ́yìn ìyẹn, rò ó dáadáa." Nígbà kẹrin, gbogbo sàáfù pé, bóòtù kan péré ló sì kù ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Àyè rẹ̀ wà níwájú pátápátá. Láti ọ̀dọ̀ orúnkún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n padà sínú ọkọ̀, lémọ́mù ló kẹ́yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ogójì, àwọn onírin ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Dádì jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn onírin náà ti ń tú okùn. Dádì tún yí i. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ sáré wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, Oníkọ́ húkọ́, ó tún húkọ́, ó sì dìde.

Mọ́mì Ìgbẹsà kígbe alhamudulilai, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Ìyá Kúdí ń sunkún. Mo gbọ́ ohùn kan tó pariwo ju tiwọn lọ. Èmi ni.

"Ẹ má tíì yọ̀! Ẹ gbọ́ ọ ná!"

Gbogbo wọn dákẹ́, àti àwọn onírin náà. Mo tẹ orí mi sí ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo di ojú. Irin náà ń gbóná díẹ̀díẹ̀ sí etí mi. Ó pẹ́.

Bọ̀dá Táófíkì rọra ní, "Ó ṣì ń húkọ́ díẹ̀. Ṣé kí n bá ẹ dín in kù?"

Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.